Bí a ṣe ń dẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó lórí ilẹ̀ ìjọba ní Texas, láti orí ìwé àṣẹ títí dé inú ìkòkò

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, tí ìgbẹ́ dídẹ wà lọ́kàn wọn, ló gbà pé àfi kéèyàn mọ òyìnbó kan tó ní oko ńlá kó tó lè gbé ìbọn jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba I-10 kọjú sí ìlà oòrùn, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ máa fi dé Anahuac National Wildlife Refuge, ibi ìsádi ẹranko (refuge) ti ìjọba àpapọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ síwájú dé Port Arthur, ẹ ó bá J.D. Murphree Wildlife Management Area níbẹ̀, irà tó lé ní 24,000 éékà, ti ìjọba ìpínlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi yín níbẹ̀ pé ọmọ ta ni yín. Ìwé ni wọ́n máa béèrè.

Pẹ́pẹ́yẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mo fi àgbọ̀nrín sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Àgbọ̀nrín sábà máa ń jókòó sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó o bá fẹ́ pa á, o máa sanwó fónílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ò mọ ààlà oko. Tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n á ṣí wá sí etíkun Texas, ibi tí omi bá wà tí oúnjẹ sì wà ni wọ́n ń bà lé. Díẹ̀ nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìjọba, owó ọdẹ sì wà lára ohun tí wọ́n fi rà á. Màá dé orí ìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ó lè lé èèyàn kúrò nílùú. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card lè ní ìbọn ọdẹ, bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ńlá tàbí ìdíwọ́ mìíràn lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá wà níbí pẹ̀lú físà, ì báà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ rárá, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Àyè tó kan ọdẹ ni pé ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá, kò sí lábẹ́ èèwọ̀ yẹn. Láísẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, àní kẹ́ ẹ tó bá ọ̀rẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn dánra wò. Ti Texas máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Bó bá ti parí, tẹ́ ẹ ò tíì ra tuntun, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn, bí ìbọn bá tiẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lásán.

Ẹni tí kò níwèé ìgbélùú kò ní àyè kankan. Kó má ṣe yá ìbọn, kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé e. Bí ọ̀rọ̀ ìwé yín bá ní ìdíjú kankan, ẹ lọ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ìgbélùú kẹ́ ẹ tó na kọ́bọ̀.

Ìwé àti iye tí wọ́n ń tà á

Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Hunter Education. Ẹni tó ti pé ọdún 17 lè ṣe gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì gbé ìbọn rí, ẹ wá èyí tí olùkọ́ wà níbẹ̀ lójúkojú. Bí a ṣe ń gbé ìbọn kọjá ọgbà wáyà tàbí bí a ṣe ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ohun tí fídíò ń kọ́ni dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra láísẹ́ǹsì. Ẹni tó ti gbé ní Texas fún ju oṣù mẹ́fà lọ láìdáwọ́ dúró ń san $25. Àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn ń san $315. Ẹ fi $7 kún un fún àṣẹ ẹyẹ tó máa ń ṣí kiri. Níbi ìsanwó, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè kan tàbí méjì nípa iye ẹyẹ tẹ́ ẹ pa lọ́dún tó kọjá: HIP ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, àmì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí láísẹ́ǹsì. Akọ̀wé ilé ìtajà míì á kàn tẹ òdo láìbi yín. Ẹ má gbà fún un. Orúkọ tó bá jáde níbẹ̀ ni ìjọba fi ń mọ àwọn tí wọ́n máa béèrè ìròyìn lọ́wọ́ wọn, ìròyìn yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pinnu iye ẹyẹ tá a lè pa lọ́dún tó ń bọ̀.

Fún ilẹ̀ ìpínlẹ̀, ẹ ra Annual Public Hunting Permit, $48. Ìwé kan yìí ló ń ṣílẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ káàkiri Texas. Refuge ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀: ẹ lọ sójú ìwé ayélujára refuge tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ tẹ ìwé òfin ọdẹ rẹ̀ jáde, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ máa gbé e dání, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá apá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ń gba owó.

Èyí tó kù ni sítáǹbù pẹ́pẹ́yẹ, Federal Duck Stamp, $25, fún gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 16. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọmọ Texas, $105 ni, láìka owó ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún fẹ́ràn ẹja pípa, ẹ ra Super Combo tó jẹ́ $68 dípò láísẹ́ǹsì àti àṣẹ ẹyẹ, yóò pé yín jù.

Sítáǹbù yìí nìkan lèmi máa ń san láìkùn. Ní 1934, ọ̀dá ti gbẹ irà púpọ̀ ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ti fa omi kúrò nínú òmíràn láti fi gbin nǹkan, pẹ́pẹ́yẹ sì ń tán lọ. Ìjọba ṣòfin pé kí ọdẹ kọ̀ọ̀kan ra sítáǹbù dọ́là kan. Jay Norwood Darling, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ding, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, ló ya àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ó ti pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, wọ́n sì ti fi dá ààbò bo ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà éékà. Nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, sẹ́ǹtì 98 ló ń lọ sórí ilẹ̀ fún àwọn refuge. Ẹ tún fi ti òfin 1937 kún un, èyí tó ń yọ owó orí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn àti ọta tí ilé iṣẹ́ ń tà, tó sì ń pín in fáwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹranko. Ẹni tí kò tíì pa ẹyẹ kan pàápàá ti dáwó sí irà náà kó tó kúrò nílé.

Tẹ́ ẹ bá ra sítáǹbù oníwèé, ẹ fi bírò buwọ́ lu ojú rẹ̀. Èyí tí kò ní ìbuwọ́lù kò wúlò lójú òfin. Èyí tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí fóònù, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà.

Ẹ yan ibi tẹ́ ẹ máa lọ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ẹ ní ọkọ̀ ojú omi. Murphree fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rìn. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wà wọ inú rẹ̀, láti Big Hill, Hillebrandt tàbí Salt Bayou. Anahuac ní àwọn apá tí èèyàn lè fẹsẹ̀ wọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó wá ibi tó lè rìn dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ ibẹ̀ kéré díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lóru nínú irà téèyàn ò mọ̀ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀.

Ìbéèrè kejì ni ọjọ́ àti wákàtí. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń ṣí, àwọn kan sì ń dá ọdẹ dúró ní aago méjìlá ọ̀sán bí oòrùn tiẹ̀ wà lókè. Anahuac wà lára wọn. Ìsinmi ẹyẹ ni. Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń yìnbọn sí láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní sùn síbẹ̀, á fò lọ síbòmíràn, ẹ̀yin náà á sì pàdánù rẹ̀ lọ́la. Ìdí kan náà ló fà á tẹ́ ẹ fi máa rí apá tí wọ́n kọ pé kẹ́nikẹ́ni má wọ̀. Ní ọ̀pọ̀ refuge tí wọ́n rà láti fi ṣe ibi ìsádi ẹyẹ, òfin kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ fún ọdẹ. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń ráhùn pé ìjọba ń tọ́jú ibi tó dára jù pa mọ́. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ẹyẹ tẹ́ ẹ ń pa ń ti bọ̀.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ní ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kan, áàpù lórí fóònù ni. Ní Murphree, ibùdó àyẹ̀wò ni, ibẹ̀ náà lẹ máa gbà jáde kí wọ́n lè ka ẹyẹ yín. Àwọn onímọ̀ ẹranko tó ń dúró níbẹ̀ mọ irà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì rí èyí tó ṣe ìmọ̀ rẹ̀ ní àhunlò rí.

Ìbọn, ọta, aṣọ

Shotgun oníwọ̀n 12 ti tó. Òfin kò gbà ju ọta mẹ́ta lọ nínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lẹ́nu, méjì nínú ikùn. Bí ikùn ìbọn yín bá ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní plug tẹ́ ẹ máa tì bọ inú rẹ̀. Ohun tí game warden, agbófinró tó ń ṣọ́ ọdẹ, kọ́kọ́ máa ń dán wò nìyẹn: á gba ìbọn lọ́wọ́ yín, á máa ti ọta bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọta òjé kò gbọdọ̀ sí lára yín, kódà nínú àpò ẹ̀wù. Láti 1991 ni wọ́n ti fòfin de òjé fún dídẹ ẹyẹ omi ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọta irin ni kẹ́ ẹ rà, kátíríìjì ínṣì mẹ́ta, tí hóró inú rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 2 tàbí 3. Nọ́ńbà 4 tó fún teal, pẹ́pẹ́yẹ kékeré tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nítorí pé irin le, kì í fọ́n ká bíi òjé, ẹ má lo choke, ìyẹn ìfúnpọ̀ ẹnu ìbọn, tó fún jù. Modified ti tó. Tẹ́ ẹ bá wà ní refuge, ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n dín iye kátíríìjì kù. Ibi tí wọ́n ti sọ pé 25 péré lẹ lè gbé wọlé, ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn ń ro inú wọn kí wọ́n tó yìn.

Ṣòkòtò rọ́bà tó gùn dé àyà ni aṣọ iṣẹ́. Ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ọn lókè kí omi má bàa rọ́ wọ inú rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣubú. Ẹ̀wù ìléfòó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sà Èkó, omi oṣù Kìíní ní Texas kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹn. Òtútù rẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ èèyàn kó tó mọ̀ pé ó ti gbà á. Ọ̀nì ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alligator sì ń gbé inú irà náà. Òtútù máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń pa teal, ojú rẹ̀ ṣì là kedere.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ lójú ọ̀sán

Ọdẹ tó bá kọ́kọ́ rí ibi kan ní aago mẹ́rin ìdájí, orí ló gbé e débẹ̀. Ẹ lọ lọ́sàn-án, níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè, ẹ gbé awò-awọ̀nájíjìn dání, ẹ jókòó. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni omi tí kò jìn ju orúnkún lọ, tí koríko tó ní èso wà létí rẹ̀, tí ìyẹ́ sì ń léfòó lójú rẹ̀. Omi jíjìn tó mọ́ lóló, tó dà bíi pé ó dára lójú, sábà máa ń ṣófo. Ẹ wo ibi tí ẹyẹ ń gbà wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àmì sí i lórí máàpù fóònù.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà. Ní etíkun yìí, tí afẹ́fẹ́ òtútù bá ti àríwá fẹ́ wá, á ti omi jáde kúrò nínú irà lọ sínú òkun, ọkọ̀ tó wọlé lálẹ́ á sì jókòó sórí ẹrẹ̀ láàárọ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹyẹ tuntun máa ń dé. Ẹ gbé ọkọ̀ fífúyẹ́, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ojú omi jíjìn gbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọdẹ

Ẹ dé síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ṣẹ́kù wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àwọn tó sọ ọ́ kò tíì rí irà ìjọba ní ọjọ́ tí àsìkò ọdẹ ṣí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí iná tọ́ọ̀ṣì ẹnì kan níwájú, ẹ yà, ẹ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 600 ó kéré tán, kódà kó jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń wò láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá dé sítòsí yín lẹ́yìn náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan, yóò yé e.

Pẹ́pẹ́yẹ ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó bà. Ẹ jókòó kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ yín lẹ́yìn, kí oòrùn má bàa kọ mọ̀nà sí yín lójú bó bá ṣeé ṣe. Ẹ kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà sójú omi, méjìlá ti tó fún adágún kékeré. Ẹ pín wọn sọ́nà méjì, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín tó bíi iyàrá ńlá kan, bíi ogún yáàdì síwájú yín. Inú àyè yẹn ni ẹyẹ máa fẹ́ bà sí. Èyí tó jìnnà jù nínú àwọn onírọ́bà, ẹ gbé e sí 35 yáàdì, kó jẹ́ ààlà yín: ẹyẹ tó bá kọjá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ fi koríko ibẹ̀ bo ara yín, ẹ bo ojú. Ojú èèyàn ń dán láti òkè, tàwa náà ń dán, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Fèrè pẹ́pẹ́yẹ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n fọn ń fi lé ẹyẹ ni. Dídúró láìmira ń pa ju fèrè lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbóhùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ kò bófin mu, bẹ́ẹ̀ ni fífi pẹ́pẹ́yẹ ààyè tan ẹyẹ. Àgbàdo tàbí ìrẹsì tí wọ́n dà sílẹ̀ láti fi fa ẹyẹ mọ́ra kò bófin mu, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó o kúrò tán, ibẹ̀ ṣì wà léèwọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yìn, títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, àfi ibi tí wọ́n ti dín in kù. Ẹ tẹ àkókò ìlà oòrùn ọjọ́ náà sórí fóònù yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú ló ń dán ọdẹ wò jù, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń bà sórí omi níwájú yín láìbẹ̀rù.

Game warden lè dé nígbàkigbà. Ẹ̀yin ọkùnrin dúdú tó gbé ìbọn dání ní ìgbèríko mọ ohun tó ń kọjá lọ́kàn yín nígbà yẹn, kò yẹ ká díbọ́n. Ẹ tú ìbọn, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí ọwọ́ yín, ẹ kí i, ẹ sọ ibi tí ìwé wà kẹ́ ẹ tó nawọ́ mú un. Ẹ kó gbogbo ìwé sínú ọ̀rá kan ṣoṣo tí omi ò lè wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ láísẹ́ǹsì, ìbọn àti ẹyẹ wò, òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é.

Ẹ mọ ẹyẹ kẹ́ ẹ tó yìnbọn

Ẹyẹ mẹ́fà ni fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́fà èyíkéyìí. Mallard kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ, abo kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ nínú rẹ̀. Redhead méjì, canvasback méjì, wood duck mẹ́ta. Pintail jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di mẹ́ta ní àsìkò 2025 sí 2026. Iye yìí lè yí padà lọ́dọọdún, torí láti 1955 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú ka pẹ́pẹ́yẹ lágbègbè tí wọ́n ti ń pamọ. Wọ́n rí mílíọ̀nù 32.3 ní 2023, mílíọ̀nù 34 ní 2024. Ẹ ka ìwé òfin ọdún tẹ́ ẹ wà.

Èyí tó máa ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà ní etíkun Texas ni mottled duck. Kì í ṣí lọ ibìkan, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ń kú sí, iye rẹ̀ sì ti dín kù gan-an. Ẹyọ kan lẹ lè pa lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ àsìkò, ẹ ò gbọdọ̀ pa á rárá. Ó jọ abo mallard bí ìbejì. Ẹ wo apá rẹ̀ tó bá ń yí lójú afẹ́fẹ́: abo mallard ní àmì búlúù tí ìlà funfun gbàgbà wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ti mottled duck ò ní ìlà funfun tó hàn bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ dúdú ju ti mallard lọ, ọrùn àti orí rẹ̀ wá mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì hàn láti ọ̀nà jíjìn. Gadwall ní àmì funfun kékeré lẹ́yìn apá. Shoveler, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣíbí. Pintail, ọrùn àti ìrù gígùn. Ẹ kọ́ márùn-ún yìí kí àsìkò tó ṣí, kẹ́ ẹ lọ sí refuge láìgbé ìbọn, kẹ́ ẹ máa pe orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń fò kọjá. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tíì pé, tí ẹ ò bá dá a mọ̀, ìbọn ò gbọdọ̀ dún.

Ẹ máa pàdé ọ̀kan tó lè jọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ nílé. Fulvous whistling duck, pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ìpọ́n-rúsúrúsú tó ń súfèé, ń gbé oko ìrẹsì Texas, ó sì ń gbé irà Hadejia-Nguru ní àríwá Nàìjíríà.

Lẹ́yìn tó bá já lulẹ̀

Ẹ má gbójú kúrò níbi tó já sí. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnì kan yìn, ẹnì kejì máa wò. Ẹ lọ gbé e kẹ́ ẹ tó yìn òmíràn. Pẹ́pẹ́yẹ tó fara gbọgbẹ́ lè rì sábẹ́ koríko, kó di ẹnu mọ́ igi nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ má sì rí i mọ́. Òfin ní kẹ́ ẹ sa gbogbo ipá yín láti wá a, ó sì wà lára iye tẹ́ ẹ gbà pa bí ọwọ́ yín bá ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ ilé, orí tàbí apá kan tí ìyẹ́ rẹ̀ pé gbọ́dọ̀ wà lára ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lè mọ irú ẹyẹ tó jẹ́. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Bẹ́ẹ̀ a ò ní ṣe aláì fún ọ̀rẹ́. Ẹ kọ ìwé kékeré so mọ́ èyí tẹ́ ẹ bá fún ẹlòmíràn tàbí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un láti gbé: orúkọ àti àdírẹ́sì yín, irú ẹyẹ, iye rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú.

Títà ni kẹ́ ẹ má dán wò. Ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì wọ́pọ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n pípa pẹ́pẹ́yẹ tà lọ́jà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ẹyẹ Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Òfin 1918 tí wọ́n fi fòpin sí i ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí yín báyìí, ì báà jẹ́ ẹyẹ kan fún ilé oúnjẹ aládùúgbò yín.

Ìkòkò, àti ohun tó wà nínú iwe

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó tú u. Láti 2022 ni àrùn lùkúlùkú adìẹ, bird flu, ti wà káàkiri láàárín ẹyẹ igbó. Èyí tẹ́ ẹ bá bá nílẹ̀ tó ti kú tàbí tó ń ta gbọ̀ngbọ̀n, ẹ má fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ lọ wọ àgbàlá tẹ́ ẹ ti ń sin adìẹ. Ẹ sè é kó jinná dénú.

Ẹ tú ìyẹ́ rẹ̀, ẹ fi iná ra awọ ara rẹ̀ bí a ṣe ń ra adìẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi iyọ̀ rẹ ẹ́ mọ́jú. Teal àti pintail tó ti jẹ ìrẹsì ń sanra, ọbẹ̀ ata rodo tí wọ́n fi wọ́n sè kì í fẹ́ maggi púpọ̀. Shoveler a máa rùn díẹ̀. Ẹ bọ́ awọ rẹ̀, ẹ yan án. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́, ọta irin lè ṣẹ́ eyín.

Ẹ má ju iwe nù kẹ́ ẹ tó là á. Ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì sórí àwo funfun. Ẹ ó rí òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn, èso koríko dúdú kékeré, ìrẹsì, nígbà míì ìgbín omi. Ohun tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ló kún un, etí oko ìrẹsì ni kẹ́ ẹ wá lọ́la, irà iyọ̀ ò ní ṣe yín láǹfààní. Inú iwe yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ òjé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ ò ní eyín, òkúta ló fi ń lọ oúnjẹ. Ó rí ọta òjé nísàlẹ̀ irà, ó rò pé òkúta ni, ó gbé e mì, iwe lọ̀ ọ́, ó wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹyẹ náà rọ, idì jẹ ẹ́, idì náà kú. Òjé tí wọ́n yìn ṣáájú 1991 ṣì wà nínú ẹrẹ̀ etíkun Texas, wọ́n sì ṣì ń rí i lára mottled duck lẹ́yìn òfin náà.

Iṣẹ́ tó kù tí ìbọn bá ti dákẹ́

Bí òrùka irin bá wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ tẹ́ ẹ pa, ẹ lọ sí reportband.gov, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí yín tó sọ ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ọn àti ọdún tí wọ́n dè é, òrùka sì di tiyín. Tí ìjọba bá fi àpò ìwé ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ fi apá ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ ṣe é. Láti ara ìyẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń mọ ọmọdé, àgbà, akọ àti abo.

Ẹ ṣa èèpo kátíríìjì, tiyín àti ti ẹni tó ṣáájú yín. Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi, ẹ tú gbogbo omi inú rẹ̀ dànù, ẹ yọ ewéko tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì àti tírélà. Òfin Texas ni, owó ìtanràn sì wà. Ewéko eléwé àwọ̀ ewé, olódòdó elése àlùkò, tó ń bo ọ̀sà Èkó mọ́lẹ̀ tí àwọn apẹja ò fi lè jáde ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wà níbí náà, pẹ̀lú giant salvinia tó burú jù ú lọ. Irà tó bá ti bò tán, oòrùn ò wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, èso tí pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ ò ní hù, ẹyẹ ò ní bà níbẹ̀.

Omi fúnra rẹ̀ ni ìjà tó kù. Nígbà tí ọ̀dá 2011 kọlu Texas, tí wọ́n sì gé omi odò Colorado kúrò fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìrẹsì láti 2012, oko tí snow goose àti pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún di ilẹ̀ gbígbẹ. Tí wọ́n bá ń ṣèpàdé lórí omi ní agbègbè yín, tàbí tí Texas Parks and Wildlife bá ní kí aráàlú sọ èrò wọn lórí òfin ọdẹ tuntun, ẹ lọ, tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé. Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì yín dúró bíi ti àwọn tó kù.

Sítáǹbù tuntun máa ń jáde ní ìparí oṣù Kẹfà, ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn ibi tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké yan ọdẹ ń ṣí lójú òpó Texas Parks and Wildlife nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láísẹ́ǹsì tuntun sì ń jáde ní àárín oṣù Kẹjọ. Teal ti ń dé nínú oṣù Kẹsàn-án.